Omi Líle Nílé Ìyá Ẹlẹ́wà

Ẹ̀wà ti wà lórí iná láti ìdájí. Ó ń hó yàà, igi ń jó wìì, èéfín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ Mojí lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ìgbakọ bù ú wò, tí ó mú ẹyọ kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, tí ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wà náà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ ró kó lára páànù ilé ìdáná.

“Yéè! Ṣé ẹ̀wà ni ọ́ ni àbí òkúta?”

Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ká ní ilé ẹlòmíràn ni, wọn ì bá bu gàrí lé e, wọn ì bá rún un bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ilé ẹlẹ́wà agọ̀nyìn ni èyí, ní Gbaji, létí títì Sẹ̀mẹ̀ gan-an, níbi tí àwọn onímọ́tò ti ń yà nítorí ìkòkò kan ṣoṣo. Ẹ̀wà agọ̀nyìn gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé arúgbó tí kò léyín yóò gbé e mì, yóò sì na àwo padà. Èyí tí kò bá rọ̀ kì í ṣe oúnjẹ mọ́, ẹjọ́ ni.

Ẹjọ́ náà sì ti délé. Láti ìgbà tí orúnkún ti dá ìyá ọkọ Mojí jókòó, tí ó gbé ìgbakọ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀wà kò gbọ́ràn mọ́. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀, inú rẹ̀ á le. Àwọn oníbàárà ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì ń rọra gba ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ mìíràn lọ. Láàárọ̀ yìí, kí Mojí tó dáná rárá, Ìyá Ẹlẹ́wà, bí gbogbo ayé ti ń pe ìyá ọkọ rẹ̀, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ìyàwó Sewanu, Dosi ń bọ̀ lónìí láti Àjàṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ìdí ẹ̀wà ni wọ́n bí i sí. Bí ẹ̀wà tòní bá tún le, wàá gbé ìgbakọ fún un. Èmi kò ní bá ọ jà.”

Ìyẹn gan-an ló dun Mojí, pé kò ní bá a jà. Ẹni tó bá ṣì ń bá ọ jà ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Mojí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò níṣẹ́ ìjọba. Ìkòkò yẹn niṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó ra bàtà fún ara rẹ̀ láìtọrọ. Bí wọ́n bá gbà á, yóò tún di ẹni tí ń nawọ́ sí Sewanu fún owó ọbẹ̀, tí ìyẹn á sì máa bi í pé èyí tó gbà níjẹta dà.

“Ìyá, káún ńkọ́? Bíńtín péré…”

“Káún kẹ̀! Kọ́kọ́ lọ pa ohun tí wọ́n kọ sára pátákó mi rẹ́ ná.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀WÀ TÍ KÒ RÍ KÁÚN RÍ ni pátákó náà wí, gbogbo ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí ń gba títì yẹn kọjá ló sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìyá Ẹlẹ́wà lè jí lọ́jọ́ kan kó máa tajà lọ́jọ́ Ìsinmi, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tó, ṣùgbọ́n kò ní fi káún sínú ẹ̀wà.

Mojí tún igi tì sábẹ́ ìkòkò, ó bomi kún ẹ̀wà olóríkunkun náà, ó sì fa báàfù aṣọ mọ́ra kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Ó lọ ṣí ẹ̀rọ níwájú ilé. Kànga ẹ̀rọ ni Sewanu gbẹ́ síbẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà níkòríta, alángbá ló ń fi ṣe ilé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ya fọ́tò tán, omi bá tiwọn lọ, kò sì padà wá kí wa. Ní ilẹ̀ wa yìí, olúkúlùkù ni ìjọba ara rẹ̀: ìwọ gbẹ́ omi, ìwọ tan iná, ìwọ dí kòtò ojúlé rẹ. Ta ni yóò tún wá bá ọ yẹ omi tó bá jáde wò? Ó ṣáà tutù, ó ṣáà ń dán, Sewanu sì ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà-gadagba: OMI SEWANU, Ó MỌ́ BÍ DÍGÍ. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n.

Ó mọ́ bí dígí lóòótọ́. Ọṣẹ ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Mojí fi ọṣẹ pa ọrùn ẹ̀wù funfun ọkọ rẹ̀, ó fi pa á, ó tún fi pa á, ọṣẹ kò hó. Ó ń di ṣákaṣàka lójú omi bí wàrà tó bàjẹ́, ẹ̀wù tó sì funfun báláú nígbà tí wọ́n rà á ti di aláwọ̀ eérú.

“Ọṣẹ tìẹ náà kì í hó?” Ohùn Mercy onídìrí nìyẹn. Ilé òun àti Mojí fara kan ara, páànù ọgbà ló là wọ́n láàárín, orí Mercy kì í sì í kúrò lókè páànù yẹn. “Ìgò ọṣẹ ìfọrun tó máa ń bá mi dé òpin oṣù, kò bá mi dé Sátidé mọ́. Irun àwọn oníbàárà ń gan lọ́wọ́ mi gan-gan. Wọ́n tún ní ọwọ́ mi ni kò dáa.”

“Tèmi náà, ọwọ́ mi ni wọ́n ní kò dáa,” Mojí wí.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ẹlẹ́wà fa àga sídìí ààrò, ó fi orúnkún dídùn yẹn se ìkòkò kan fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà náà rọ̀ múlọ́múlọ́! Àdúgbò jẹ ẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì wo Mojí láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ọ̀rọ̀ kankan tó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá ti jáde wá mumi. Kì í mu omi Sewanu. Ọmọ Gberefu ni, ní ọ̀hún lérékùṣù, omi òkun lápá kan, omi ọ̀sà lápá kejì, èyí tí èèyàn lè gbọ́kàn lé, ojú ọ̀run ló ti ń wá. Nítorí náà ni àmù ńlá kan ṣe wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé tó ń gbe omi òjò sílẹ̀ fún un. Ó bù ú sínú ife, ó mu ún, ó sì fẹ́ da ìyókù nù.

Nǹkan kan sọ sí Mojí lọ́kàn.

“Ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ se ẹ̀wà yẹn, omi wo lẹ fi sè é?”

“Omi mi ni. Kí ni n óò fi sè é? Omi tí kò bá rí ojú ọ̀run rí, n kì í fi í se nǹkan tí mo máa jẹ.”

Mojí já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí kúnlẹ̀. Ó da omi tó ṣẹ́kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọṣẹ ra á. Ọṣẹ hó! Ó hó yọ̀ọ̀, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kan, ó ń ṣàn bọ́ sí ìgúnpá. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ó rántí tíṣà kẹ́mísírì kan ní girama, ọkùnrin kékeré kan tó máa ń na pátákó bí ẹni ń na ewúrẹ́: omi líle wà, omi rírọ̀ wà, omi líle kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó! Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín nígbà náà. Ta ló rí omi tó le rí, tí kì í bá ṣe yìnyín?

“Omi líle!” Mojí fò sókè, ọṣẹ ń ta sí gbogbo ara rẹ̀. “Áà! Kì í ṣe ọwọ́ mi! Omi líle ló wà nínú ìkòkò yẹn! Ìyá, omi líle ni mo fi ń se ẹ̀wà látọjọ́ yìí!”

Ọ̀rọ̀ dé, àbí kò dé? Ìyá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ Ègùn ni, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé etí rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Èwo nínú ohun mímu ni Yorùbá ń pè ní líle? Ẹni tí sodabì, ògógóró wọn, ti sọ di opó kì í gbọ́ “líle” kó tún dúró gbọ́ ìyókù.

“Ọtí!” Ìyá ké tòò. “Oklunọ ṣie o! Olúwa mi o! O fi ọtí líle se ẹ̀wà mi!”

“Ìyá, omi ni mo wí, kì í ṣe…”

“Mo gbọ́ ọ! Omi líle! Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é? Bàbá Sewanu náà, omi ló máa ń pè é!”

Nígbà tí Mojí fi máa bojú wẹ̀yìn, orí Mercy kò sí lókè páànù mọ́. Ẹni tó bá mọ Mercy mọ̀ pé ìgbà tí kò bá yọjú gan-an ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti dé gáréèjì. Ní ìkòríta, wọ́n ní ìyàwó Sewanu ń bu sodabì díẹ̀ sí ẹ̀wà. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó ti di jẹ́ríkéènì kan odindi. Ẹ sì wo ayé: dípò kí àwọn èèyàn sá, ńṣe ni wọ́n ń bọ̀! Ọlásúnkànmí awakọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na àwo tirẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tó ń pa èèyàn yẹn, ṣé ó ti jinná? Ẹ jẹ́ kó kún dáadáa, mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ẹlòmíì.”

Mojí kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Látọjọ́ tó ti ń ta ẹ̀wà, èrò kò pọ̀ báyìí rí, ẹ̀wà kò sì le báyìí rí.

Sewanu já kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, inú ń bí i. “Kí ni wọ́n ń sọ ní gáréèjì yìí? Mojí, wọ́n ní o ń mutí!”

“N kò mu nǹkan kan. Omi yín ló fà á.”

“Omi mi? Omi tí gbogbo àdúgbò ń mu?”

“Kì í pa ẹni tó bá mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iyanrìn tí àwọn tó gbẹ́ ẹ kó jáde. Ìkarahun òkun ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Àárín ìkarahun yẹn ni omi yìí ń gbé, ó ti mu efun wọn sára. Ojú kò rí i. Ọṣẹ ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà ló mọ̀ ọ́n.” Ó sáré gbé kẹ́tùlù, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀. Èépá funfun ń já bọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sílẹ̀. “Ẹ wò ó! Efun tí mò ń wí nìyí!”

“Efun?” Ìyá dìde lórí àga. “Ta ló wá da efun sínú omi wa? Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé wọ́n ń rúbọ ládùúgbò yìí!”

Ó kúrò lórí ọtí, ó bọ́ sórí òrìṣà. Sewanu ní òun kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ba omi òun jẹ́, omi tí òun sun ebi nítorí rẹ̀. Ìyá ní òun ti sọ ọ́ tipẹ́ pé omi inú irin kì í ṣe omi. Sewanu ní kí wọ́n pọn ti ìjọba wá nígbà náà. Ìyá ní ṣé òun ni ìjọba ni. Ariwo gba ilé kan, Ọlásúnkànmí sì wà láàárín wọn, ó di àwo rẹ̀ mú, kò lọ.

Mojí rí i pé bí òun bá tún la ẹnu sọ gbólóhùn kan, wọn yóò ránṣẹ́ sí àlùfáà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní omi àmù yín.”

Ìyá yíjú sí àmù rẹ̀.

“Omi mímu mi?”

“Màá bu ẹ̀wà tuntun nínú àpò kan náà, màá sè é níṣojú yín. Bí kò bá rọ̀, ẹ má dà mí lóhùn mọ́. Èmi fúnra mi ni màá fọ ìgbakọ, màá gbé e fún Dosi.”

“Ta ló ń dárúkọ mi?”

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń ṣe? Dosi ló ń bọ́ lórí ọ̀kadà yẹn, ọ̀dọ́bìnrin alápá gbàǹgbà, ó gbé báàgì lérí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fetí sí ìyá, ó fetí sí Sewanu, ó yọjú wo ìkòkò, ó sì pòṣé.

“Omi kẹ̀? Ọwọ́ ló ń se ẹ̀wà. Ẹ fi omi òjò fún ìyàwó, ẹ fún èmi ní ti kànga yìí. Ká dáná pọ̀, ká wò ó.”

Háà! Ẹ wá wo àdúgbò! Wọ́n gbé ààrò kejì kalẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀wà ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn ìyá tó wá pọn omi gbé garawa sílẹ̀. Mercy, tó ti fi ẹnu gbé ọ̀rọ̀ dé gbogbo ibi, ló tún gba àga iwájú. “Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ ní ọtí o,” ó ń wí, “èmi omi ni mo gbọ́.”

Mojí da omi àmù sínú ìkòkò dé ìkán ìkẹyìn. Bí ó bá ṣe pé ìwé tí tíṣà kọ́ wọn kì í ṣe bó ṣe rántí rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá ṣe pé ọwọ́ òun ni lóòótọ́? Ó koná, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Dosi mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ó ṣa igi tó gbẹ, ó fi ọ̀rá bo ìkòkò kó tó fi ọmọrí dé e, ó ń ta omi tútù sí ẹ̀wà nígbà tó bá yá kó lè já èèpo. Ó ń kọrin Ègùn, ó ń mi ìdí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wo ẹlẹ́wà! Òùngbẹ wá ń gbẹ Ìyá. Ó wo àmù rẹ̀, àmù ti gbẹ. Sewanu bu omi kànga fún un nínú ife, ó sì mu ún bí ẹni ń mu àgbo.

Oòrùn ń rẹlẹ̀. Orin Dosi ti ń dínkù. Ó ṣí ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó dé e padà, ó tún igi kó. Òógùn bò ó. Ní ọ̀dọ̀ Mojí, ìkòkò kò tà mọ́, ńṣe ló ń mí gbùkẹ̀-gbùkẹ̀, òórùn ẹ̀wà tó ti gbà fún iná sì gba gbogbo ọgbà.

“Ó tó,” Ìyá Ẹlẹ́wà wí. “Ẹ gbé e wá.”

Ó kọ́kọ́ mú ẹyọ kan nínú ti Dosi, ó fẹ́ ẹ tútù, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wà fò pàrá, ó lọ ba Sewanu níwájú orí! Ẹ̀rín bẹ́, Mercy fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú òmíràn, ó tún fò. Ó wá mú ti Mojí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó fò. Ẹ̀wà náà kàn tú sí i lọ́wọ́, pẹ̀lẹ́bẹ́, èèpo àti inú. Ó mú òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún mú òmíràn.

“Ìyá,” Dosi nu ojú, “mo ti se ẹ̀wà nílé onílé, mo ti sè é lẹ́bàá òkun. Èyí ju agbára mi lọ. Omi yìí burú.”

Wọ́n ní omi kì í lọ́tàá. Ẹni tó pa òwe yẹn kò fi omi Gbaji se ẹ̀wà.

Ìyá ṣì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Wọ́n ní ká lé akátá jìnnà ná…” ó bẹ̀rẹ̀, kò parí rẹ̀. Mojí mọ ìyókù, gbogbo wọn ló mọ ìyókù.

Sewanu dúró sídìí ògiri, ó yíjú sí ọ̀rọ̀ tó fi ọ̀dà kọ. Ó ti ń fojú wọn páànù orí ilé, ibi tí gọ́tà lè gbà sọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé. “Tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́?” ó béèrè. “Òjò kì í rọ̀ lọ́yẹ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá olómi wo ọ̀nà ìkòríta, àwọn yòókù náà wò ó. Ẹ̀rọ omi ìjọba dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀, alángbá kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń mi orí.

Ọlásúnkànmí tí ebi ti ń pa láti ọ̀sán ni kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì lọ bá àwọn onímọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti Sẹ̀mẹ̀, ó sì fi àwo lu pátákó.

“Ìyá Ẹlẹ́wà! Ìyá Ẹlẹ́wà o! Ṣé ẹ máa tà á ni àbí ẹ máa máa wò ó?”

Mojí sún sẹ́yìn kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè ráyè dáhùn, bó ti máa ń ṣe. Ìyá ń lá ẹ̀wà tó kù lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó lá a tán, ó mú ìgbakọ, ó fi ìdí rẹ̀ kan apá Mojí.

“Mojí,” ó wí, “ṣé etí rẹ di ni? Ìwọ ni wọ́n ń pè.”